Omi Inú Páìpù

Òjò kò rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá,
ṣùgbọ́n omi inú páìpù kẹta ti gòkè, ìbú ọwọ́ kan.
Mo tún okùn jù sílẹ̀. Ìbú ọwọ́ kan náà ni.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fa ìlà sí ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Iṣẹ́ mi kò ju èyí lọ: páìpù mọ́kànlá
tí wọ́n rì sínú òkìtì gìrìwò tó sé ẹrẹ̀ mọ́,
ẹrẹ̀ aláwọ̀ eérú tí wọ́n ti fọ wúrà kúrò lára rẹ̀,
tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́, tí kò sì níbi tí yóò lọ.
Òkè Ṣábẹ̀ẹ́ wà lẹ́yìn wa, àpáta tó fi gbogbo ara jókòó.
Tiwa kì í ṣe àpáta. Iyanrìn ni wọ́n fi mọ ọ́n,
ẹnu lásán la fi ń pè é lókè.

Ọjọ́rú ni rólà dé.
Wọ́n ní kí ó tẹ ọ̀nà tuntun fún àwọn ọkọ̀ akẹ́rù
ní ìsàlẹ̀ gan-an, níbi tí òkìtì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.
Ó ń gbọ̀n, ó ń lọ; ó ń gbọ̀n, ó ń bọ̀.
Eyín mi ń gbọ́ ọ kí etí mi tó gbọ́.
Aláǹgbá tó máa ń yá oòrùn lórí páìpù keje ti kó lọ.

Músíọ̀ Hùnsù ní: "Bákẹ̀, ọdún méje
ni òkìtì yìí ti ń mu òjò, kò yẹsẹ̀.
Ṣé rólà kan ni yóò wá bì í ṣubú?
Ṣebí gbígbọ̀n ló ń mú nǹkan jókòó."

Òótọ́ ni. Ìdajì òótọ́.
Gàrí inú kóńgò, bí a bá gbọ̀n ọ́n, á jókòó,
ẹni tó ń rà á mọ̀, ẹni tó ń tà á mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Gàrí gbígbẹ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ló wà láàárín rẹ̀, afẹ́fẹ́ a sì máa ríbi sá.
Èyí tó ti mu omi yó ńkọ́?

Nígbà tí a wà ní kékeré, létí Ọ̀pàrá, bí odò bá ti fà,
a ó dúró sórí iyanrìn tútù tó le bí ilẹ̀ yàrá,
a ó máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ lù ú, kíkankíkan,
títí omi yóò fi yọ lójú rẹ̀,
títí ilẹ̀ tó gbé wa dúró lẹ́ẹ̀kan yóò fi di ẹ̀kọ,
tí yóò gbé wa mì dé ọrùn ẹsẹ̀.
Ẹ̀rín la máa ń rín.
Ẹnikẹ́ni kò tì wá. Omi ni kò ríbi sá,
ló bá gba ìwúwo wa lọ́wọ́ iyanrìn,
omi kò sì lọ́rùn tí a fi ń ru ẹrù.

Mo bu omi sí abọ́, mo gbé e ka orí òkìtì.
Mo ní kí Músíọ̀ Hùnsù wá wò ó. Ó ní òun ń jẹun.
Omi abọ́ ń ṣe òrùka, òrùka nínú òrùka,
lọ́sàn-án gangan, láìsí atẹ́gùn.
Nísàlẹ̀, àwọn ará abúlé ń sá láfún sórí àpáta.

Bíọ̀ ló wá. Bíọ̀ tó ń wa rólà.
Ó nu òógùn, ó lóṣòó, ó wo abọ́ náà pẹ́.
"Èmi ni mò ń ṣe èyí?"
N kò dáhùn.
Ó padà sórí ìjókòó rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì kan,
gbígbọ̀n dákẹ́. Irin náà ń yí, ìwúwo rẹ̀ nìkan ló fi ń tẹ ilẹ̀,
bí ìyá tó ń rìn níbi tí ọmọ ọwọ́ ń sùn sí.
Iṣẹ́ ọjọ́ méjì yóò di ti mẹ́fà.
Wọn yóò yọ ọ́ nínú owó rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, omi fà. Ìka méjì péré.
Mo kọ ọ́. Ìka méjì yòókù ṣì wà lókè,
n kò mọ ohun tó ń dúró dè.
Lálẹ́, mo gbé abọ́ omi sẹ́bàá ẹní mi.
N kò tíì sùn. Mò ń wò ó.